Ìpara Ojú Tó Tú Ilé Ayàwòrán Ká

"Olè! Olè ni ìwọ! Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ jáde síta, ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, tó di olè mọ́ mi lọ́wọ́!"

Bí ariwo ṣe sọ nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò tíì bọ́jú. Dígí ló ń pariwo. Orúkọ tí àdúgbò fún un nìyẹn, torí pé iwájú dígí ni ẹ máa bá a nígbàkigbà tí ẹ bá wọlé. Ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí, ó ń fi ìka ọwọ́ kejì tọ́ka sí ojú obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà. Tẹ́lẹ̀, "ẹ̀yin" àti "ẹ jọ̀ọ́, mà" ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde bó bá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, "ìwọ" ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ òkò.

Ẹ̀gbọ́n náà, Alágbàfọ̀, dúró sáàárín àgbàlá, ó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ lọ́wọ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló kún inú rẹ̀. Ó ti fọ̀ wọ́n, wọ́n ti gbẹ, ó fẹ́ gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìkòríta láti lọ̀ wọ́n.

"Kí ni mo jí, àbúrò mi?"

"Má pè mí ní àbúrò rẹ! Ìgò ìpara tí mo tọ́jú fún Màdáàmù Báńkì dà? Orí tábìlì ni mo gbé e sí lánàá. Ta ló kọ́kọ́ jí nínú ilé yìí? Ṣebí ìwọ ni!"

"Òótọ́ ni pé mo jí," ni Alágbàfọ̀ fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo jí kí n lè tètè dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n n ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni."

Àwọn tó ti yọrí lójú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ta Dígí lára bí ata.

"Ẹ gbọ́ ẹnu olè! Ojú ẹ yẹn, ojú bíi páànù tó dípẹtà, ìpara mi lo fẹ́ fi tún un ṣe? Ó ti kọjá àtúnṣe! Àní ó ti kọjá àtúnṣe!"

Ìgbà náà ni ọkọ Alágbàfọ̀ jáde láti inú sítúdíò rẹ̀ tó wà níwájú ilé. Ayàwòrán ni. Kámẹ́rà rọ̀ sí i lọ́rùn, ó sì ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe rí i, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti jọ ń gbé. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ti wà ní yunifásítì. Gbólóhùn kan péré ni obìnrin náà ń retí: "Ìyàwó mi kì í ṣe olè."

Ayàwòrán wolẹ̀. "Ẹni tí kò bá jalè kì í bẹ̀rù àyẹ̀wò," ló sọ. "Tú apẹ̀rẹ̀ yẹn."

"Ọkọ mi, ẹ̀yin náà?"

"Mo ní kó o tú u!"

Alágbàfọ̀ dà á sílẹ̀. Aṣọ funfun tó fi odindi ọjọ́ kan fọ̀ já sínú ẹrẹ̀. Láàárín wọn ni ìgò kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wúrà ti jáde, ó sì ń yí gbirigbiri títí ó fi kan ẹsẹ̀ Dígí.

"Háà!" ni gbogbo àdúgbò ké.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má kánjú dájọ́ bí wọ́n ṣe kánjú dá a níbẹ̀. Ojú rí ìgò, ṣùgbọ́n ojú ò rí ọwọ́ tó gbé e síbẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó wá dúró láàárín èrò, ó ń bá wọn ké háà!

"N ò lè bá olè gbélé," ni Ayàwòrán sọ, kò sì wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Kó ẹrù rẹ."

* * *

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Dígí nígbà tí ìyá wọn kú. Alágbàfọ̀ tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, ló gbà á sọ́dọ̀. Abẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ni ọmọ náà ti kọ́ ìwé kíkà. Owó aṣọ fífọ̀ ló rán an níléèwé, òun náà ló rán an lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣaralóge. Nígbà tí ọjà tó ń tà nílùú mìíràn dojú dé, Dígí gbé báàgì méjì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lòun máa lò. Ọ̀sẹ̀ méjì di ọdún méjì.

Kò pẹ́ tó dé ni ìpara náà wọlé. Ìgò rẹ̀ ò ju ẹyin adìyẹ lọ. Owó tí Dígí sì ń pè é? Ó tó ohun tí Alágbàfọ̀ ń gbà fún oṣù méjì gbáko lórí aṣọ ilé ìwòsàn! Dígí ní òdòdó kan tó ń hù lórí òkè tí yìnyín bò ni wọ́n fi ń ṣe é, pé ẹni bá fi í para fún oṣù mẹ́ta, ìwo ojú rẹ̀ á padà sí ti ọmọge. Àwọn obìnrin ń wá. Ẹni tó bá dá òfìfo ìgò padà, Dígí á dín owó tuntun kù fún un. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ló ń béèrè ìgò wọn.

Ayàwòrán náà dá sí i. Ó ń ya àwọn oníbàárà ní fọ́tò méjì méjì, ọ̀kan kí wọ́n tó lo ìpara, ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n lò ó, ó sì ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri sítúdíò. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ojú obìnrin á ṣú dùdù bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Nínú èkejì, á máa dán yinrin.

Alágbàfọ̀ kì í para. Ooru áyọ́ọ̀nù àti ọṣẹ líle ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ó ti là á lójú ìka gbogbo. Ìkunra tí Bàbá Apòògùn ń pò fún un nínú ike funfun ló ń fi pa ọwọ́. Ìkunra náà ń ta òórùn kànáfùrú, kò wọ́n, kò sì ní ìdérí wúrà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ariwo àgbàlá yẹn, aránṣọ kan wá gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì bi í léèrè pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ìpara àbúrò yín yìí, ṣé ó tó owó tí wọ́n ń pè é? Mo ti ń tọ́jú owó láti fi rà á."

Kí ni kí olóòótọ́ ṣe? Ó dáhùn pé, "N ò fi í para rí, nítorí náà n ò ní bú u. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó tó o fẹ́ fi tún máṣíìnì rẹ ṣe ni, ọmọ mi, tún máṣíìnì rẹ ṣe. Sùn dáadáa, mu omi. Ojú tó ń sunkún àtijẹ, ìpara wo ló lè mú un dán?"

Aránṣọ náà ò ra ìpara mọ́. Ó sì sọ ẹni tó gbà á nímọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ dé etí Dígí. Ọjọ́ tó dé etí rẹ̀ ni wọ́n ti kó ẹ̀ṣẹ̀ lé Alágbàfọ̀ lórí, tí kò sì mọ̀.

* * *

Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ń kó ọṣẹ àti sítáàṣì sí, ló di ilé rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní sáàárín àpò ọṣẹ. Lọ́jọ́ kẹta, bó ṣe ń tú àwọn aṣọ tó ti wà nílẹ̀, ó rí ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ kan tó ti gbé wá kí ìjà tó dé. Ó gbé kọ́là rẹ̀ sókè, bí gbogbo alágbàfọ̀ ṣe máa ń ṣe, kó lè wo ibi tó dọ̀tí jù. Àmì ọ̀rá kan wà níbẹ̀, ó ń ta sánsán bí òdòdó. Òórùn ìpara Dígí ni!

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Láti oṣù mẹ́fà ló ti ń bá àmì bẹ́ẹ̀ pàdé ní kọ́là, ní èjìká, ní àyà ṣẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń rò pé ibi tí ọkọ òun ti ń ya àwọn oníbàárà ni nǹkan ti ń ta sí i lára. Ó máa ń fi ọṣẹ sí i, á fi omi gbígbóná sí i, á fọ̀ ọ́ títí á fi mọ́ tónítóní. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fọ ẹ̀rí náà dànù!

Alágbàfọ̀ jókòó sórí àpò ọṣẹ, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì náà bo ojú, ó sunkún. Àlejò ò ṣe é, ọ̀tá ò ṣe é. Ọkọ tó ń fọṣọ fún, àti ọmọ tó pọ̀n dàgbà! Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ó ti fẹ́ sáré lọ sílé lọ pariwo. Ṣùgbọ́n ta ló máa gba olè gbọ́? Ó nu ojú, ó tan áyọ́ọ̀nù, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màdáàmù Báńkì fúnra rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù náà wá. Obìnrin gíga ni, ọ̀gá ní báńkì, ó sì ń kanra.

"Màmá Alágbàfọ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹ jalè tàbí ẹ ò jalè," ló bẹ̀rẹ̀. "Ṣùgbọ́n inú ń bí mi! Ọmọ mi tó wà lókè òkun fi ìpara yìí gan-an ránṣẹ́ sí mi, látinú ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é. Mo ṣí i, òórùn rẹ̀ ò jọ tèmi! Bó ṣe rọ̀ tó ò jọ tèmi! Kí ni mo ti ń rà lọ́wọ́ àbúrò yín láti ọdún kan?"

Ó gbé ìgò méjì sórí tábìlì. Alágbàfọ̀ ṣí èyí tó ti ọwọ́ Dígí wá, ó fi ìka kàn án, ó fi ra àtẹ́lẹwọ́. Ó ní hóró wẹ́wẹ́ tó ń yọ́ bí ara bá ti móoru. Lábẹ́ òórùn òdòdó, ó gbọ́ òórùn kànáfùrú. Ó ṣí ike funfun ìkunra ọwọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn òun náà.

"Màdáàmù," ló sọ, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Bàbá Apòògùn."

Bàbá Apòògùn wà lẹ́yìn káńtà rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù funfun. Kí Alágbàfọ̀ tó la ẹnu, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ yìí ò tíì san ni? Ẹ̀rù rẹ ń bà mí o. Àbúrò rẹ gbé ike ńlá méjì lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé méjì lóṣù tó kọjá. Ó ní ìwọ lo rán òun. Ṣé o ń fi ìkunra yẹn wẹ̀ ni?"

"Bàbá, n ò rán ẹnikẹ́ni sí yín rí."

Màdáàmù Báńkì fi ọwọ́ lé orí. "Ẹ gbà mí! Ìkunra ọwọ́ alágbàfọ̀ ni mo ti ń fi owó ilẹ̀ rà?"

* * *

Ìyá Àgbà, ìyá Ayàwòrán, ò sí nílé ní gbogbo ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ló fi kọ́ ilé tí gbogbo wọn ń gbé. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ ló ti lọ fún oṣù mẹ́ta. Bó ṣe dé ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ fún un pé ìyàwó òun ti di olè, òun sì ti lé e jáde, òun fẹ́ fi Dígí rọ́pò rẹ̀.

Ìyá Àgbà ò pariwo. Ó bi í pé, "Àbúrò ìyàwó rẹ?"

"Màmá, ó mọ nǹkan tó ń ṣe. Ẹ ò rí bí ilé ṣe ń dán?"

"Mo rí i," ni ìyá náà wí. Ó mú gèlè rẹ̀, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkòríta. Ohun tó gbọ́ níbẹ̀, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò já ọ̀rọ̀ gbà. Nígbà tí Alágbàfọ̀ sọ̀rọ̀ tán, ìyá ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó là yẹn mú.

"Ọmọ mi, èmi ò bí ọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Má sọ̀rọ̀ kankan títí n ó fi ní kó o sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú náà, pálọ̀ kún. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga rẹ̀. Màdáàmù Báńkì wà lápá ọ̀tún, Bàbá Apòògùn wà lápá òsì. Ayàwòrán àti Dígí jókòó kọjú sí wọn, Alágbàfọ̀ sì wà nídìí ilẹ̀kùn. Nígbà tí Dígí rí i, ó pòṣé.

"Màmá, kí ni olè ń wá níbí?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀ ná," ni Ìyá Àgbà wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Iṣẹ́ ló délẹ̀ fún ọ, ọmọ mi. Wọ́n ní ayédèrú ìpara ti wọ ìgboro. Màdáàmù fẹ́ rà fún gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Àwo méjì rèé. Ìpara wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, fi ojúlówó hàn wá."

Ojú Dígí là. Ó dìde, ó gbọ́n aṣọ, ó rìn bí ayaba lọ sídìí tábìlì. Ó gbé àwo kìíní sí imú, ó fa ojú ro. Ó gbé èkejì sí imú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èyí ni ojúlówó! Ẹ gbọ́ òórùn òdòdó orí òkè! Èkejì yìí, pàǹtírí ni! Ẹ da èyí nù o! Ẹni tó bá tà á fún yín, ọlọ́ṣà ni, ẹ̀wọ̀n ló yẹ ẹ́!"

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Mo fi ẹ̀mí mi búra!"

Màdáàmù Báńkì dìde fùú. Ó gbé páálí kan jáde nínú báàgì rẹ̀, tòun ti ìwé tí wọ́n fi rà á. "Èyí tó o pè ní pàǹtírí, látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ló ti wá! Ọmọ mi rà á fúnra rẹ̀! Èyí tó o pè ní ojúlówó, inú ìgò tí ìwọ tà fún mi la ti bù ú! Tóò, ta wá ni ọlọ́ṣà?"

Dígí tún gbé àwo méjèèjì sí imú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Èmi mọ ohun tó wà nínú ìgò ẹ," ni Bàbá Apòògùn sọ. "Ọwọ́ mi ni mo fi pò ó. O bu lọ́fíńdà sí i, o sì rò pé kànáfùrú á sá. Kò sá!"

Màdáàmù Báńkì yíjú sí i. "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Tòkè òkun yìí ńkọ́? Ṣé òun tó owó rẹ̀?"

Bàbá náà mi orí. "Kì í ṣe ohun búburú. Ó ń mú ara rọ̀, kì í jẹ́ kí omi ara gbẹ. Ìkunra tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgò tiwọn rẹwà, òórùn tiwọn dùn, ẹ sì ń sanwó fún méjèèjì. Ẹni tó bá lówó rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì dùn sí i, kó rà á. Ṣùgbọ́n pé á sọ àgbà di ọmọge? Màdáàmù, irọ́ yẹn ló wọ́n jù nínú ìgò náà!"

"Fọ́tò wá ńkọ́?" ni Ìyá Àgbà bi ọmọ rẹ̀. "Àwọn ojú tó ń dán lára ògiri ńkọ́?"

Ayàwòrán ń làágùn. "Màmá, n ò mọ̀ pé ayédèrú ni..."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀," ni Alágbàfọ̀ wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó la ẹnu nìyẹn. "Mo wọ sítúdíò kí n tó wọlé síbí. Fọ́tò obìnrin tó ń ta bàtà wà níbẹ̀. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta ló wà láàárín méjèèjì. Búláòsì kan náà ló wọ̀. Èmi ni mo lọ búláòsì yẹn, ìhunjọ kan wà lábẹ́ kọ́là rẹ̀ níbi tí mo ti ṣì í lọ̀. Ìhunjọ yẹn wà nínú fọ́tò kìíní, ó wà nínú èkejì, kò yẹ̀ ní ibì kan. Alágbàfọ̀ wo ni kò mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè wọ aṣọ fún oṣù mẹ́ta kó má tún un lọ̀? Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ya méjèèjì! Iná ni wọ́n pa fún ọ̀kan, wọ́n tan iná sí èkejì."

Ayàwòrán bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, Dígí ló tàn mí! Ó ní òun máa ra kámẹ́rà tuntun fún mi! Ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́! Bí mo bá lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn ìgò tí wọ́n rí nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ, kí ojú mi fọ́!"

"Má fi ojú búra!" ni Dígí ké, ó fò dìde bí ẹni tí èèrà bù jẹ. "Ìwọ ọkùnrin játijàti yìí! Èmi nìkan lo fẹ́ gbé e lé lórí? Ta ló gbé ìgò sínú apẹ̀rẹ̀? Ṣé èmi ni? N ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí o jáde lọ gbé e síbẹ̀! Ìwọ lo sọ pé ká sáré lé e kó tó fi ẹnu rẹ̀ ba ọjà jẹ́! Ìwọ lo sọ fún mi pé láti ọdún mélòó lojú rẹ̀ ti sú ọ!"

Ẹnu ìkà ló ń tú ìkà. Ṣùgbọ́n Alágbàfọ̀ ò yọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí omi gbígbóná. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, ó ti fi ibi kékeré kan sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá wọ́n tan òun náà ni, pé bóyá nígbà tí ìgò yí jáde, ó yà á lẹ́nu bó ṣe ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ó rántí bó ṣe wolẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti mọ ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kó tó ní kí wọ́n tú u.

"Ṣé òótọ́ ni?" ló bi í.

Ayàwòrán fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Mo ní, ṣé òótọ́ ni?"

"Ìyàwó mi, èṣù ló..."

"Ẹ má dárúkọ èṣù. Èṣù ò wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mò ń fọ̀."

Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. Omi ti gba ojú Dígí, gbogbo ohun tó kùn sójú ti ń ṣàn bọ̀ lágbọ̀n. Ó fẹ́ dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi..."

"Ó ti rántí 'ẹ̀yin' o!" ni Màdáàmù Báńkì sọ.

Alágbàfọ̀ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. "Tó o bá ti béèrè ìkunra lọ́wọ́ mi, ǹ bá fún ọ. Tó o bá béèrè ilé, mo ti fún ọ. O ò béèrè. Ó wù ọ́ kó o jí i."

Ìyá Àgbà dìde, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Ọwọ́ mi yìí gbẹ̀bí ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ. Mi ò mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni mo bí fúnra mi! Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jáde nílé mi! Kámẹ́rà rẹ, iná rẹ, irọ́ rẹ lára ògiri, kó gbogbo rẹ̀!"

* * *

Ọ̀rọ̀ ò dúró sí pálọ̀. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, àwọn obìnrin tó ń lo ìpara ti kún ẹnu ọ̀nà, oníkálukú di ìgò rẹ̀ mú. Wọ́n bá Dígí níbi tó ti ń gbé báàgì rẹ̀ sínú ọkọ̀. Owó tí àwọn mọ́kànlá ti san sílẹ̀ fún ọjà tuntun wà nínú báàgì náà. Ó fẹ́ gbé e sá lọ, kò sì sọ fún Ayàwòrán pàápàá! Wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárín ọ̀sán gangan, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí àyè láti para. Adájọ́ ní kó dá owó gbogbo wọn padà, kó sì fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án jura.

Ayàwòrán háyà yàrá kan sí òpin títì. Ẹnikẹ́ni ò wá ya fọ́tò. Àwọn tó fẹ́ gbéyàwó ò pè é, àwọn ọmọléèwé pàápàá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá Tan-Iná-Pa-Iná!" Ó ta kámẹ́rà rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Alágbàfọ̀ ò padà sí yàrá tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà bẹ̀ ẹ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ òun bí ọmọ, ó sì gbà. Yàrá iwájú tó jẹ́ sítúdíò tẹ́lẹ̀ di ibi tó ń lọ aṣọ sí. Wọ́n fọ ògiri rẹ̀, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n gbé tábìlì ńlá mẹ́ta síbẹ̀. Aránṣọ tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ló kọ́kọ́ mú aṣọ wá. Màdáàmù Báńkì ní kí wọ́n máa kó gbogbo aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun wá síbẹ̀. Obìnrin méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́ báyìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè kan, nígbà tí èrò pọ̀ gan-an, Ayàwòrán wọlé. Ó ti rù. Ó gbé àpò aṣọ ìdọ̀tí kan lọ́wọ́, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ dúdú.

"Ìyàwó mi," ló sọ, "kò sí ẹni tó ń bá mi fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ọ́. Mo fẹ́ padà sílé."

Alágbàfọ̀ gba àpò náà. Ó tú u sórí tábìlì, ó yẹ aṣọ kọ̀ọ̀kan wò.

"Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ṣòkòtò méjì," ló sọ. Ó kọ ọ́ sórí pélébé ìwé, ó ya á, ó sì nà án sí i. "Ọjọ́bọ̀ ló máa ṣetán."

"Ṣé gbogbo ohun tó o fẹ́ sọ fún mi nìyẹn?"

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó wo ojú ọkùnrin tó ti jẹ́ ọkọ rẹ̀ fún ọdún méjìlélógún, ó wò ó dáadáa, kò sì rí ohun tó tún kù láti bi í léèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ló sọ. "Oníbàárà wà lẹ́yìn yín."